Àtúnṣe Kì Í Ṣe Ìparẹ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, iwájú ni yóò wò. Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ni yóò wò. Ìdí tí àgbà fi ń wẹ̀yìn kò ju pé ó fẹ́ rí kùkùté tó gbé e ṣubú, kí ó má baà tún fẹsẹ̀ kọ ọ́ lọ́la. Láàrin àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lónìí, àṣà kan ti fìdí múlẹ̀ tó lòdì pátápátá sí ìwà àgbà yìí. Bí iṣẹ́ bá dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́, wọn kì í wẹ̀yìn. Ńṣe ni wọ́n ń gé ẹ̀yìn dà nù. Wọ́n á tẹ àṣẹ kan ṣoṣo, ìtàn iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta á pòórá, wọ́n á sì máa fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn ti tún nǹkan ṣe. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé àṣẹ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ń sáré fi han akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí iṣẹ́ náà, bí ẹni fi àdá lé ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta lọ́wọ́.

Òǹkàwé lítíréṣọ̀ lè ní kí ló kan òun nínú ọ̀rọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà. Ó kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Ètò kọ̀ǹpútà, ìwé kíkọ ni; ènìyàn ló ń kọ ọ́, ènìyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì ń kà á láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè tó wà nídìí ọ̀ràn náà kò yàtọ̀ sí èyí tó ń dojú kọ gbogbo ẹni tó ń fi kálàmù ṣiṣẹ́: ohun tí a ti kọ tí kò dára, báwo ni ká ṣe bá a lò? Ṣé ká fà á ya bí ẹni pé a kò kọ ọ́ rí ni, àbí ká jẹ́ kí ó wà níbẹ̀, kí a sì kọ èyí tó tún un ṣe tẹ̀ lé e?

Irinṣẹ́ tí ìjà yìí ń ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀ ni ètò ìtọ́jú ẹ̀dà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ó ń ṣọ́ àwọn fáìlì inú àpò kan, bí òǹkọ̀wé bá sì ti sọ fún un pé kí ó fi ipò tí iṣẹ́ wà pamọ́, yóò fi í pamọ́ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é, ọjọ́ àti wákàtí tó ṣe é, àti ọ̀rọ̀ ṣókí tó sọ ìdí rẹ̀. Ní ọdún 1972 ni Marc Rochkind ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ kan, SCCS, ní Bell Labs ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Walter Tichy ti Yunifásítì Purdue gbé RCS jáde ní 1982. CVS àti Subversion tẹ̀ lé wọn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi lè jọ máa ṣiṣẹ́ lórí fáìlì kan náà láti ọ̀nà jíjìn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2005 ni Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland tó dá Linux sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ Git, nígbà tí iléeṣẹ́ tó ni BitKeeper kò gbà mọ́ kí àwọn tó ń kọ Linux máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Kò tó oṣù mẹ́rin tó fi gbé àbójútó rẹ̀ lé Junio Hamano lọ́wọ́. Git yìí ló gba ìgboro kan báyìí, òun sì ni ẹjọ́ yìí dá lé.

Ohun kan wà nínú bí wọ́n ṣe mọ Git tó yẹ kí olùkọ́ fi sọ́kàn. Gbogbo ìfipamọ́ ló ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, tó jẹ́ lẹ́tà àti òǹkà 40 nínú Git tí ọ̀pọ̀ ń lò. Inú ohun tí ìfipamọ́ náà kó sínú ni wọ́n ti ṣírò nọ́ńbà yìí, ọ̀kan lára ohun tó sì kó sínú ni nọ́ńbà ìfipamọ́ tó ṣíwájú rẹ̀. Ó dà bí ìdílé tí olúkúlùkù ń jẹ́ orúkọ baba rẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá lọ yí orúkọ baba ńlá padà, orúkọ ọmọ, ti ọmọ-ọmọ àti ti ọmọlójú ni yóò yí padà tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó lè tún ìtàn àtijọ́ kọ nínú Git kí ó má hàn. Àwọn tó ṣe é fẹ́ kí ìtàn le bí òkúta, ó wá ya ni lẹ́nu pé àwọn tó ń lò ó ló ń fi òòlù fọ́ ọ.

Ká wá fi àpẹẹrẹ gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní ilé-ìwé girama kan ń kó òwe jọ sínú fáìlì kan. Ní ọjọ́ Ajé, èkíní kọ òwe 50, ó fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀ dáadáa, ó sì fi í pamọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èkejì rò pé àmì wọ̀nyí ń dí òun lójú. Ó pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó yọ gbogbo wọn kúrò lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi èyí náà pamọ́. Ní ọjọ́rú, ẹ̀kẹta kò wo òkè fáìlì. Ó kọ òwe 30 mìíràn sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú àmì wọn, ó fi wọ́n pamọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọjọ́bọ̀ ni olùkọ́ ṣí fáìlì náà tó rí i pé ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ ti di ohun kan náà mọ́ ọkọ ìyàwó. Kín ni ṣíṣe?

Bí olùkọ́ náà bá lo àṣẹ tí Git ń pè ní revert lórí iṣẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Git yóò wo ohun tí ọmọ kejì ṣe, yóò ṣírò òdìkejì rẹ̀, yóò sì kọ òdìkejì yìí gẹ́gẹ́ bí ìfipamọ́ tuntun, ìkẹrin. Bí Git bá rí i pé ìlà kan rú òun lójú, nítorí pé iṣẹ́ ọjọ́rú kan ibi kan náà, yóò dúró, yóò sì béèrè lọ́wọ́ ènìyàn. Lẹ́yìn èyí, àmì ohùn ti padà, òwe 30 ọjọ́rú wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì wà nínú ìtàn pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é àti ìdí tó fi ṣe é.

Bí ó bá jẹ́ reset --hard ló lò, tó sì darí rẹ̀ sí ọjọ́ Ajé ńkọ́? Lóòótọ́, àmì ohùn yóò padà. Ṣùgbọ́n òwe 30 tí ọmọ kẹta fi òógùn ojú rẹ̀ kó jọ yóò bá iṣẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí ẹnikẹ́ni bá tún ti fọwọ́ kan fáìlì náà láàárọ̀ ọjọ́bọ̀ tí kò tíì fi í pamọ́, ìyẹn náà lọ, Git kò sì ní béèrè pé ṣé ó dá a lójú. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ohun tí àwọn alágbára àṣẹ yìí sì ń ṣe gan-an nìyẹn.

Àwọn tó ń gbèjà reset ní àwíjàre mẹ́ta, ó sì yẹ kí a gbọ́ wọn kí a tó dá wọn lẹ́jọ́.

Èkíní ni pé ìtàn gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní. Wọ́n ní bí ènìyàn bá ń ka ìtàn iṣẹ́ kan, kò yẹ kí ó máa bá ìfipamọ́ kan pàdé, kí ó tún bá òdìkejì rẹ̀ pàdé, bí ẹni ń lọ tó ń bọ̀ lójú kan. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́. Àmọ́ ìmọ́tótó ta ni? Ẹni tó bá ń ka ìtàn iṣẹ́ kò wá ẹwà wá. Ó wá mọ ìdí tí ìlà kan fi rí bí ó ti rí ni. Bí ó bá rí i pé ẹnì kan ti gbìyànjú ọ̀nà kan rí, tí ọ̀nà náà dí, tí wọ́n sì ṣẹ́rí padà, kò ní tún fi oṣù kan gba ọ̀nà náà. Ìtàn tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ kò lè sọ èyí fún un. Ìtàn ọba tí kò ṣàṣìṣe rí kì í ṣe ìtàn, oríkì ni. Oríkì sì ní ààyè tirẹ̀, kì í ṣe inú àká iṣẹ́.

Èkejì ni pé kò sí ohun tó sọnù ní tòótọ́. Wọ́n á rántí reflog, ìwé àkọsílẹ̀ tí Git fi ń ṣọ́ gbogbo ibi tí ẹ̀ka kan ti dúró rí, wọ́n á ní ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò yóò rí òwe 30 náà gbé dìde. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ tí ó ní abọ̀ ni. Orí ẹ̀rọ tí wọ́n ti tẹ àṣẹ náà nìkan ni reflog yìí ń gbé. Kì í bá iṣẹ́ rìn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí ènìyàn kò bá yí ètò rẹ̀ padà, 90 ọjọ́ ni Git ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọ̀nyí, 30 ọjọ́ péré sì ni fún èyí tí ẹ̀ka kankan kò so mọ́ mọ́. Ohun tí a kò sì fi pamọ́ rí, kò sí nínú reflog rárá. Ṣé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Git lọ́sẹ̀ yìí ni yóò mọ gbogbo èyí? Ẹni tó ń ju ọmọ sódò pẹ̀lú ìlérí pé òmùwẹ̀ wà nítòsí kò fẹ́ràn ọmọ.

Ẹ̀kẹta ni wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ gidi sọ. Bí ènìyàn bá ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ka tirẹ̀ nìkan, tí kò sí ẹlòmíràn tó tíì gba ẹ̀dà rẹ̀, kò sí ẹni tí àtúntò rẹ̀ pa lára. Kí ó reset bí ó bá wù ú. Ìwé àjákọ rẹ̀ ni. Bákan náà, bí ọ̀rọ̀ aṣínà, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní páswọ́ọ̀dù, bá bọ́ sínú fáìlì tí ó sì di fífi pamọ́, revert kò ní wò ó sàn, nítorí pé yóò ṣì wà nínú ìtàn fún ẹni tó bá wẹ̀yìn. Níbẹ̀, ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà náà kíákíá, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó rò ó bóyá kí wọ́n yọ ọ́ nínú ìtàn. Àwọn ọ̀ràn wọ̀nyí wà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń pariwo wọn ń sọ àyàfi di òfin.

Nítorí pé nígbà tí iṣẹ́ bá ti di ti gbogbo ayé, ọ̀ràn náà kì í ṣeré mọ́. Ìtàn tí a gé kúrú kò lè wọ àká àjùmọ̀lò bí kò ṣe tipátipá. Àṣẹ tí wọ́n ń lò fún un, push --force, ipá náà ló ń sọ lórúkọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 2013, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí Jenkins, ètò tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fi ń dán iṣẹ́ wọn wò, ṣèèṣì fi ipá ti ìtàn àtijọ́ lé orí àká 186 lórí GitHub lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò ní èrò ibi kankan. Ìfipamọ́ àwọn ẹlòmíràn kúrò lójú, àwọn alábòójútó sì ní láti ké sí GitHub fún ìrànlọ́wọ́ kí wọ́n tó lè dá wọn padà. Wọ́n rí iṣẹ́ wọn gbà nítorí pé wọ́n gbajúmọ̀, wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n lè pè. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta olówe kò mọ ẹnikẹ́ni. Git ní ọ̀nà kan tó sàn díẹ̀, --force-with-lease, tó máa ń kọ̀ bí ẹlòmíràn bá ti fi iṣẹ́ síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó ń tì í mọ̀. Ó ṣeni láàánú pé orúkọ rẹ̀ gùn ju ohun tí ọlẹ fẹ́ tẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló kù, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ṣe irinṣẹ́ wọ̀nyí ti jẹ̀bi ju àwọn tó ń lò ó lọ. Nínú Subversion, revert túmọ̀ sí pé kí a da àyípadà tí a kò tíì fi pamọ́ nù. Nínú Mercurial, ó súnmọ́ ìyẹn, àṣẹ tó ń kọ òdìkejì ìfipamọ́ sì ń jẹ́ backout. Nínú Git, òun gan-an ló ń kọ òdìkejì. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìtumọ̀ tó dojú kọra: ọ̀kan ń pa iṣẹ́ rẹ́, èkejì ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́. Kí a má tilẹ̀ tíì sọ ti ọ́fíìsì Nàìjíríà, níbi tí ọ̀gá tó ní òun yóò revert ti ní in lọ́kàn pé òun yóò fèsì lẹ́tà. Bí ọmọ Nàìjíríà bá kọ́kọ́ gbọ́ àṣẹ yìí, kò sí ìyanu bí ó bá rò pé Git fẹ́ kọ̀wé sí òun.

Ti checkout tún burú ju ìyẹn lọ. Fún ọdún mẹ́rìnlá, àṣẹ kan náà ni Git fi ń gbé ènìyàn láti ẹ̀ka kan bọ́ sí èkejì, tó sì tún fi ń da iṣẹ́ tí a kò fi pamọ́ nínú fáìlì nù. Ilẹ̀kùn kan náà ló lọ sí yàrá, òun náà ló lọ sí kànga. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, nínú Git 2.23, ni wọ́n tó la àṣẹ náà sí méjì: switch fún ẹ̀ka, restore fún fáìlì. Ó pẹ́ kí ó tó dé, ó dé náà. Kí ló wá dé tí àwọn ìwé ìkọ́ni kan ṣì ń fi checkout kọ́ ọmọ ènìyàn títí di òní?

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni orúkọ, kí ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2017. Ẹnì kan tó ń lo Visual Studio Code, ètò ìkọ̀wé ti iléeṣẹ́ Microsoft, tẹ ibi tó sọ pé kí wọ́n da gbogbo àyípadà nù. Ó ròyìn ní gbangba pé iṣẹ́ oṣù mẹ́ta, nǹkan bí fáìlì 5,000, ló bá a lọ. Kò fi ọ̀kankan nínú wọn pamọ́ sínú Git rí, nítorí náà lójú Git, gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀ jẹ́ àyípadà. Ọ̀pọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ìkìlọ̀ wà níbẹ̀, kí ló dé tí kò kà á. Ẹ̀bi rẹ̀ kò kéré lóòótọ́, pàápàá fún oṣù mẹ́ta tí kò fi ní ẹ̀dà kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ àyípadà dúró fún lẹ́nu ẹ̀rọ, báwo ni ìkìlọ̀ tó fi ọ̀rọ̀ náà gan-an kìlọ̀ yóò ṣe yé e? Olùkọ́ èdè mọ̀ pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé kọ́ ló máa ń jẹ̀bi nígbà gbogbo. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà ní ìpín nínú rẹ̀.

Ohun tí revert ń ṣe kì í ṣe àjèjì sí ilé-ìwé wa. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ìṣirò owó ní SSS mọ̀ pé bí ènìyàn bá kọ owó sí ibi tí kò yẹ nínú ìwé ìṣirò, kò gbọdọ̀ fi rọ́bà pa á rẹ́. Yóò kọ òdìkejì rẹ̀ sínú ìwé, yóò kọ àlàyé sí i, ayẹ̀wé-owó-wò yóò sì rí méjèèjì. Akọ̀wé owó tó bá ń pa ìlà rẹ́, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n máa ń bi í léèrè sí. Èdè Yorùbá pàápàá ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Àwọn tó ń kọ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta láti 1859 kò kọ Yorùbá bí a ti ń kọ ọ́ báyìí. Nígbà tí ìgbìmọ̀ àkọtọ́ jókòó ní 1966, aiye di ayé, enia di ènìyàn, nwọn di wọ́n. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n dáná sun ìwé àtijọ́. Àkọtọ́ tuntun dúró lẹ́yìn ti àtijọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì fi méjèèjì wé ara wọn yóò mọ bí ọ̀nà ìkọ̀wé ṣe rìn. Atẹ̀wé tó bá tún ìwé àtijọ́ tẹ̀, tó yí àkọtọ́ rẹ̀ padà tí kò sì sọ bẹ́ẹ̀ níbikíbi nínú ìwé náà, reset --hard ló ṣe, ì báà má ní kọ̀ǹpútà nílé.

Nítorí náà, olùkọ́ tó bá fẹ́ fi Git kọ́ ọmọ, kí ó kọ́kọ́ kọ́ ọ ní fífi iṣẹ́ pamọ́ ní kíákíá àti léraléra, nítorí ohun tí a kò fi pamọ́ kò ní olùgbàlà. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ́ ọ ní status àti diff, kí ọmọ mọ ohun tó fẹ́ dà nù kí ó tó dà á nù. Lẹ́yìn ìyẹn ni restore fún fáìlì tí ó ṣì wà lọ́wọ́, àti revert fún iṣẹ́ tó ti wọ inú ìtàn. Reset lè dúró títí di ọdún tó ń bọ̀.

Kí olùkọ́ má sì fi revert ṣe òrìṣà. Ó ní ibi tó ti ń kọ́ ènìyàn lọ́gbọ́n. Bí wọ́n bá da ẹ̀ka kan pọ̀ mọ́ èkejì, tí wọ́n sì revert ìdàpọ̀ náà, Git yóò ṣì gbà pé ẹ̀ka náà ti wọlé. Bí wọ́n bá tún un ṣe tí wọ́n sì tún dà á pọ̀, àtúnṣe tuntun nìkan ni yóò wọlé, iṣẹ́ àtijọ́ kò ní bá a wá. Àfi kí wọ́n revert revert náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè fi ọjọ́ méjì wá ohun tó sọnù.

Ìwà ọ̀lẹ kan sì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń lo revert pàápàá. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, Git yóò bá wọn kọ gbólóhùn kan pé ìfipamọ́ báyìí ni wọ́n dá padà, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Ìyẹn sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sọ ìdí. Wọ́n á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì lọ. Lórí fáìlì òwe wa, ìlà kan péré ló yẹ kí olùkọ́ náà fi kún un: a dá àmì ohùn padà nítorí pé láìsí wọn, a kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ọkọ́ àti ọkọ̀ nínú òwe 50. Ọmọ tó yọ àmì náà yóò kà á nígbà tó bá ṣí fáìlì lọ́jọ́ Ẹtì.